Epo Ta Sí Mi Láṣọ

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi ná kí ẹ tó gbọ́ tẹnu mi. Gìgísẹ̀ mi pupa, kì í sì í ṣe làálì ni mo lé. Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ yìí tẹ ẹyìn, àwọ̀ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára, kò sì fẹ́ lọ mọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ mi ní Ìgbẹ̀ìn, l'Ábẹ́òkúta níbí, ni mo máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí mo ń bá àwọn tó ń kọjá jà lórí ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ṣékínátù, ọmọ ọmọ wa tó fẹ́ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jiyàn lórí iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Ọ̀kan ní báǹkì, ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà, ọ̀kan tilẹ̀ ní òun á kàn máa sọ̀rọ̀ nínú fóònù kí àwọn èèyàn máa wo òun. Ni Ṣékínátù bá kọjú sí mi, ó ní, "Ìyá Ẹlépo, ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́. Kí lẹ rí nídìí epo gan-an?"

Mo ní, "Ojú tí ìyá rẹ fi ń ríran lónìí ni mo rí níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àpárá ni mò ń dá. Mo bá ní kí wọ́n jókòó, ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mò ń sọ fún ẹ̀yin náà yìí.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Wásinmi ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi mú mi lọ bá obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́kù pé kó kọ́ mi níṣẹ́ epo. Ti owó ńkọ́? Ebi ò pa mí, mi ò sì kọ́lé alájà. Ó tán.

Iṣẹ́ kíkọ́ gan-an ni kí ẹ gbọ́. Ẹkù ni kòtò fífẹ̀ tí a fi amọ̀ rẹ́ nínú. A ó da ẹyìn tí a ti sè sínú rẹ̀, a ó bọ́ sínú kòtò náà, a ó sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ara ẹyìn á fi bọ́ kúrò lára èkùrọ́. A ó wá bu omi lé e, epo á léfòó, a ó máa fi igbá bù ú sínú ìkòkò, a ó tún gbé e kaná kí omi tó wà nínú rẹ̀ lè gbẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí á rò pé kò le. Ìyá Ẹlẹ́kù á jẹ́ kó yé e pé ó le.

Kò sí ẹni tó lè ki ẹsẹ̀ bọ ẹkù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti fi kànrìnkàn àti omi gbígbóná ha ẹsẹ̀ náà. Á ní kí o gbé ẹsẹ̀ sókè, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wá máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò ìléyá. Ẹyìn tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ tó ń rùn kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò wa. "Ti ọlọ́ṣẹ nìyẹn," lá wí, àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú á sì wá kó o lọ. Epo tó ti délẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú oòrùn, kò sì gbọdọ̀ wà láìní ìdérí. Gbogbo ọjọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń lọ. Àwọn ìgbà kan wà tí mo máa ń gbàdúrà pé kí ohùn rẹ̀ há.

Ó ní ègé tẹ́ẹ́rù funfun kan tó máa ń há sí ìbàdí. Tẹ́ẹ́rù ni aṣọ funfun tí àwọn aláró máa ń rẹ sínú aró. Tí epo bá ti jinná, á fi ìka kán an sí ègé aṣọ yìí, á gbé e kọjú sí oòrùn, á sì wo bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe pọ́n tó. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ kó igi púpọ̀ lé iná kí epo lè tètè gbẹ. Ìyá Ẹlẹ́kù kán epo náà sí aṣọ. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá.

"Kí lo ṣe sí epo yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ kó tètè gbẹ ni."

"O ti lé àwọ̀ rẹ̀ jáde! Inú àwọ̀ yẹn ni agbára epo wà. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó kù yìí, ohun tí wọ́n fi ń dín àkàrà lásán ni."

Gbogbo epo náà di ti ọlọ́ṣẹ. Ó ní kí àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti orí omi pípọn. Èmi tí mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀ náà pọn omi títí ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ mí sínú. Inú bí mi dé góńgó. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ohun tó sọ nípa àwọ̀.

Nígbà tó yọ̀ǹda mi tán, mo lọ sílé ọkọ. Ọkọ mi, Ràsákì, wá láti ìdílé oníṣòwò, àwọn Mùsùlùmí tó ti wà ní Ìgbẹ̀ìn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ń gbé Abẹ́òkúta, mo ń lọ fọ epo mi ní Wásinmi, ọkọ̀ ojú irin tàbí lọ́rí tó gba Ìtòrí ló ń gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì mi bọ̀ wálé. Ìgbà yẹn owó wà nílùú. Búrẹ́dì, ìrẹsì òkèèrè àti òróró inú agolo ni àwọn èèyàn ń pè ní ọ̀làjú. Ẹni tó bá ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà, wọ́n á ní ará oko ni.

Ní agboolé wa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ìyáálé mi. Ìyá Múlí là ń pè é, nítorí Múlíkátù ọmọ rẹ̀, tó padà bí Ṣékínátù yìí. Adìrẹ ló ń tà. Á ra tẹ́ẹ́rù wá láti Èkó, á pín in fún àwọn aláró, á sì tà á nígbà tó bá jáde nínú aró. Kò sí ẹni tó mọ àwọ̀ tó o. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ fún ẹ pé aṣọ yìí wọ aró dáadáa, tàbí pé wọ́n ti rẹ́ni jẹ. Ìdì aṣọ rẹ̀ ló kún pálọ̀ dé àjà. Ohun tó sì ń bẹ̀rù jù láyé ni àbàwọ́n.

Nítorí náà epo pupa kì í wọ ìkòkò ilé wa bó ṣe rí. Ọmọ kan ti fi ọwọ́ ọlọ́bẹ̀ ba ìdì aṣọ kan jẹ́ nígbà kan rí, láti ọjọ́ náà ni Ìyá Múlí ti ṣòfin. Á gbé epo kaná, á dé e pa, á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí gbogbo àwọ̀ rẹ̀ á fi lọ, tí á mọ́ bí omi. Ẹ̀fọ́ náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Á fi káún bọ̀ ọ́, á fọ̀ ọ́, á kó o sáàárín ọwọ́ méjèèjì, á fún un títí á fi rí gbìrìpẹ̀, á wá da omi rẹ̀ sí gọ́tà. Ata àti tòmátì, díẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ń jẹ ẹ̀kọ, iṣu, búrẹ́dì àti ìrẹsì funfun. Oúnjẹ tí kì í ta síni láṣọ ni wọ́n ń jẹ.

Ó máa ń dùn mí. Èmi á fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣọ́ àwọ̀ epo ní Wásinmi, òun á fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lé e jáde ní Ìgbẹ̀ìn. Ṣùgbọ́n ìyáálé mi ni. Ta ni èmi, ìyàwó tó dé lánàá, tí màá máa kọ́ ọ ní ọbẹ̀ sísè?

Múlí ń sáré kiri bí àwọn ọmọ yòókù tí ilẹ̀ bá mọ́. Àṣálẹ́ ni kì í dára. Tí oòrùn bá ti wọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa ògiri rìn. Á kọsẹ̀ lára àpótí, á da omi nù, á fọ́ àwo. Tí wọ́n bá rán an níṣẹ́, á sunkún pé òun ò lọ.

"Ojú ẹ ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ á wí, á sì fọ́ ọ létí. "Ọ̀lẹ ni. Tó bá ti di àkókò iṣẹ́, á máa ṣe bí afọ́jú."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ń ti Wásinmi bọ̀, mi ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí mo fi gbọ́ ariwo. Ìyá Múlí ti gbé epo kaná bó ṣe máa ń ṣe, oníbàárà kan sì pè é síta láti wá ta aṣọ. Kó tó padà wọlé, epo náà ti gbóná kọjá ààlà. Bó ṣe ṣí ìdérí ni iná sọ. Ẹnì kan sáré da omi sí i láì bèèrè. Háà! Epo tó ń jó ni wọ́n da omi sí. Iná náà fò, ó ràn mọ́ ìdì aṣọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

Mo ti rí iná epo rí ní ẹkù, mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Mo ki àpò ìdọ̀họ bọ omi, mo fún un, mo fi bo ìkòkò náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Àwọn aládùúgbò gbé yanrìn, wọ́n ń dà á sórí aṣọ tó ń jó. Ọlọ́run bá wa ṣe é, iná kú. Àmọ́ aṣọ ti lọ, èyí tí kò jó, èéfín ti bà á jẹ́. Ìyá Múlí dúró sójú kan, kò sunkún, ó kàn ń wò.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ọmọ. Gbogbo wọn ti sá bọ́ sí àgbàlá, Múlí nìkan ni a ò rí. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a, tó gbá òpó mọ́ra. Èéfín kò dé ibẹ̀. Ilẹ̀ kò sì tíì ṣú tán. Mò ń rí ewé ìdí ìbẹ́pẹ tó wà ní àgbàlá kedere. Mo na ọwọ́ sí i.

"Múlí, gba ọwọ́ mi ká lọ."

Kò gbà á. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ìyá Ẹlépo, níbo lẹ wà?"

Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Mo wẹ̀yìn, mo rí Ìyá Múlí tó ti tẹ̀ lé mi, ó sì ti gbọ́. Obìnrin tí kò sunkún nígbà tí ọjà rẹ̀ ń jó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn kan ti ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ìyá àgbàlagbà kan nínú ilé tilẹ̀ ń wò mí ní ìwòkuwò, nítorí èmi ni àjèjì, epo mi ló sì gbiná. Ìyá Múlí ló dá wọn lóhùn. Ó ní, "Ẹ fi ìyàwó sílẹ̀. Òun ló pa iná. Òun náà ló máa bá mi gbé ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì tá a bá jẹ́ obìnrin oníwà tútù. Ó wo ojú ọmọ náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó wá bi wá léèrè ohun tó ń jẹ.

"Oúnjẹ tó mọ́ ni," ni Ìyá Múlí wí.

"Ó ń jẹ ẹ̀dọ̀? Ìbẹ́pẹ? Máńgòrò?"

"Ẹyẹ ló ń jẹ ìbẹ́pẹ tiwa. Omi rẹ̀ máa ń ba aṣọ jẹ́."

"Epo pupa ńkọ́?"

"A máa ń sun ún kó lè mọ́."

"Ẹ̀fọ́ ńkọ́, màmá?"

"A máa ń bọ̀ ọ́, a ó fún omi rẹ̀ dànù dáadáa."

Nọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ẹ ò fi oúnjẹ dù ú. Àmọ́ ohun tí ojú fi ń ríran lálẹ́, inú ohun tó ń fún epo, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ ní àwọ̀ ló wà. Ẹ ti ń sun ún, ẹ ti ń dà á sí gọ́tà." Ó ní ti ojú nìkan kọ́. Ó ní ara wa náà ń gbó láti inú, bí irin ṣe ń dógùn-ún, àwọn nǹkan tó wà nínú oúnjẹ aláwọ̀ sì wà lára ohun tó ń ran ara lọ́wọ́ láti bá a jà.

"Ṣé ojú rẹ̀ máa là?" ni Ìyá Múlí bèèrè.

"Ẹ tètè dé, mo nírètí. Ká ní ẹ jẹ́ kó pẹ́ jù báyìí lọ ni, ojú náà lè fọ́ pátápátá. Mo máa fún un lóògùn, àmọ́ oúnjẹ ni kó máa bá oògùn náà rìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mọ sí oògùn nìkan."

A padà sílé. Ìyá Múlí wọ ilé ìdáná, ó bọ ẹ̀fọ́, ọwọ́ rẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó wá dúró. Ó ń wo omi tó wà nínú abọ́, àwọ̀ ewé ti kún inú rẹ̀.

"Ìyàwó, wá wo nǹkan."

Mo lọ.

"Tí aláró kan bá da irú omi yìí nù lójú mi, kí ni màá ṣe fún un?"

"Ẹ máa bú u títí dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí ẹ̀ ni, mà."

"Àwọ̀ ni mò ń rà, àwọ̀ ni mò ń tà," ló wí. "Mi ò gbà kí aláró kankan rẹ́ mi jẹ rí. Ọmọ mi ni mo wá ń rẹ́ jẹ." Ó kó ẹ̀fọ́ náà kalẹ̀. "Epo rẹ dà? Gbé e wá. Má sun ún o."

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé yí padà. Wọ́n kó ìdì aṣọ tuntun tí Ìyá Múlí rà lọ sí yàrá tó ní ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ ń jẹun lórí ẹní ní ẹ̀yìnkùlé, ìró àlòkù ló wà lára wọn, ọṣẹ àti omi wà ní ìtòsí. Bẹ́ẹ̀ ló rọrùn tó! Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, a ń fọ̀ wọ́n kí a tó gé wọn, a sì ń dà wọ́n sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó délẹ̀. Ìyá Múlí ò lo káún sí ẹ̀fọ́ mọ́. Ó fẹ́ ata àti tòmátì tó pọ́n. A gba ìbẹ́pẹ lọ́wọ́ ẹyẹ. Ìrẹsì Ọ̀fadà padà wọlé, òdùnkún tó pọ́n nínú ń bọ̀ láti oko, tí àgbálùmọ̀ bá dé a ó lá a, tí ọsàn bá dé a ó mu ún. Kò sí ohun àjèjì kan níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa tipẹ́, lórí igbá àwọn tó ń kiri.

Iṣẹ́ mi náà ń yí padà. Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó dé, tí òróró inú agolo dàwátì, àwọn tó ti ń fojú ará oko wò mí bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ́ẹ̀gì tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ kí n tó ta epo fún wọn. A ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ẹyìn, èyí tó ní irin gbọọrọ lórí tí a fi ń yí i mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì tó ń gún ẹyìn dé. Ìyá Ẹlẹ́kù ti darúgbó, wọ́n tì í lẹ́yìn wá wò ó. Ó wò ó yí po, ó ń wá ẹsẹ̀ tó máa yẹ̀ wò, kò rí. Ó fa ègé tẹ́ẹ́rù rẹ̀ yọ, ó kán epo sí i, ó gbé e kọjú sí oòrùn.

"Kò burú," ló wí.

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò yin ẹnikẹ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sunkún nígbà tó lọ tán.

Lónìí àwọn ọmọ tó kàwé ti ní orúkọ fún ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ. Ṣékínátù ní ańtíọ́ksídáǹtì ni. Ahọ́n mi ò lè gbé e, ẹ bá mi gbé e. Mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa mu epo bí omi o, ìwọ̀nba ni. Ohun tí mò ń wí ni pé kí àwọ̀ wà nínú àwo yín lójoojúmọ́, kí ẹ má sì lé e jáde kó tó dẹ́nu. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó dà bí tèmi, kó lọ wá ọ̀gá tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ó ku ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mi ò tíì sọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá lẹ́yìn tí a dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo ti Wásinmi dé, mo wọ aṣọ funfun tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí àsàlátù, mo wá bẹ̀rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì kan wọlé kí n tó jáde. Wọ́n ti pe ìrun Mọ̀gáríbì, ilẹ̀ ń ṣú. Ìyá Múlí wà lẹ́nu ọ̀nà, Múlí wà lórí àtẹ̀gùn lódìkejì àgbàlá. Bí mo ṣe ń kọjá ni mo gbọ́ ohùn ọmọ náà.

"Ìyá Ẹlépo, epo ta sí yín láṣọ!"

Mo dúró. "Níbo?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí yín. Kékeré ni, ó rí roboto."

Mo wo ìbàdí mi, èmi gan-an ò rí i. Ìyá Múlí ló gbé àtùpà wá. Ó gbé e sún mọ́ aṣọ náà, a sì rí i, ẹ̀kán epo kan ṣoṣo, ó pọ́n, ó rí roboto. Obìnrin tó ti ń lé àbàwọ́n kiri láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n fi ìka kàn án. Mo ní ẹ jẹ́ kí n sáré fi ọṣẹ sí i kó tó wọra. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́, má fọ̀ ọ́."

Mi ò fọ̀ ọ́. Aṣọ náà wà nínú àpótí mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ṣékínátù, dìde, lọ gbé aṣọ náà wá, kí o fojú ara rẹ wo ohun tí mo rí nídìí epo.